Ohùn ẹyẹ kan, etí méjì: ṣé ohun tí à ń gbọ́ ni ẹyẹ náà ń gbọ́?

Bí ẹ bá ti kọjá lábẹ́ igi tí àwọn ẹ̀gà kọ́lé sí rí, ẹ mọ irú ariwo tí mò ń sọ. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹ̀gà là ń fi í wé. Olórin tí ohùn rẹ̀ dùn, àwòko là ń pè é. Ẹyẹ kan gba èébú, èkejì gba oríyìn, àwa ènìyàn la sì jókòó tí à ń fi etí tiwa dá ẹjọ́ wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé, ta ló sọ fún wa pé ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ẹyẹ ni ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń bi ẹyẹ léèrè lóríṣiríṣi ọ̀nà fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ, ìdáhùn tí wọ́n sì ń rí kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa rò. Àwọn ibì kan wà tí etí wa fi ju tiwọn lọ dáadáa. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan sì wà lára wọn tó jẹ́ pé ká ní wọ́n ń tà á lọ́jà ni, gbogbo wa ni à bá ti tò sórí ìlà. Ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan íápíìsì tó wà létí yín báyìí.

Etí tí a kò rí

Ẹ wo orí adìyẹ. Níbo ni etí rẹ̀ wà? Kò sí nǹkan kan tó yọ síta bíi tiwa. Ihò kékeré kan ló wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, ìyẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹyẹ akọrin rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lọ nínú ihò yẹn jọ èyí tó ń lọ nínú etí wa gan-an.

Afẹ́fẹ́ tó ń mì ni ìró. Tó bá dé etí, ó máa ń lu awọ fẹ́lẹ́ kan bí ẹni lu ìlù. Awọ náà á mì, eegun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gba ìmìtìtì yẹn wọ inú lọ, títí á fi dé inú ọ̀pá kan tí omi wà nínú rẹ̀. Nínú omi yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà lórí wọn. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì onírun. Tí omi bá mì, irun náà á tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìró ti dé. Ẹ má gbàgbé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí o, a máa padà wá bá wọn.

Níbi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Eegun kéékèèké mẹ́ta ló ń gbé ìró wọlé nínú etí tiwa. Ti ẹyẹ, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọ̀pá olómi tiwa ká jọ bí ìkarahun ìgbín, tí a bá sì nà án tán, ó máa tó nǹkan bíi mìlímítà 35. Ti ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní zebra finch, tó wá láti Ọsirélíà, kò tó mìlímítà mẹ́ta. Kò ká jọ rárá, ńṣe ló kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Gígùn yìí ní ohun tó ń ṣe. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá mì láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń wọn gíga ohùn, Hz la sì ń pè é. Ọ̀dọ́ tí etí rẹ̀ dá ṣáká lè gbọ́ láti 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ akọrin, tó bá ti kọjá 8,000 sí 10,000 Hz, ó tán nìyẹn. Àárín 2,000 sí 5,000 Hz ni etí wọn ti mú jù. Tí ariwo bá sì wà nílẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ gbọ́dọ̀ ga ju ariwo náà lọ dáadáa, ju bí àwa ṣe nílò rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ kí ológoṣẹ́ tó wà lórí òrùlé yín tó gbọ́.

Bí a bá fi èyí nìkan ṣe ìdájọ́, ènìyàn ló gbégbá orókè. Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Bí a ṣe ń bi ẹyẹ léèrè

Ẹyẹ ò lè sọ fún wa pé "mo gbọ́ ọ" tàbí "kò yàtọ̀ létí tèmi". Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Ọgbọ́n tí Robert Dooling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Maryland ní Amẹ́ríkà ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kò le rárá. Wọ́n á fi ẹyẹ sínú àgò kékeré, nínú yàrá tí ariwo ìta kò lè wọ̀. Bọ́tìnì méjì tó ní iná á wà níwájú rẹ̀. Tí ẹyẹ bá ti fi àgógó kan bọ́tìnì àkọ́kọ́, ìró kan á máa dún léraléra. Lójijì, ìró mìíràn á wọ àárín wọn. Tí ẹyẹ bá gbọ́ ìyàtọ̀, á kan bọ́tìnì kejì, oúnjẹ á sì jáde. Tó bá kàn án nígbà tí kò sí ìyàtọ̀, iná yàrá á kú fún ìgbà díẹ̀, kò sì ní rí nǹkan jẹ.

Ẹyẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi máa ń mọ eré yìí dunjú. Àwọn onímọ̀ á wá gbé ènìyàn náà jókòó, wọ́n á fún un ní ìró kan náà, wọ́n á sì fi èsì àwọn méjèèjì wéra.

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí jáde: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ẹ ní kí ọmọ ọdún márùn-ún náà pè é, kí bàbá àgbà náà sì pè é. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ yẹn lè ga ju ohùn òkè bàbá àgbà lọ. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rò pé ọkọ́ ni ọmọ náà ní lọ́kàn nígbà tó pe ọkọ̀. Kí ló fà á? Etí wa kì í wọn ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ńṣe ló máa ń fi ọ̀kan wé èkejì: ṣé èyí ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àbí ó relẹ̀? Ìdí nìyẹn tí gángan kékeré àti ìyáàlù ńlá fi lè sọ gbólóhùn kan náà, tí àwọn tó gbọ́ èdè ìlù á sì gbọ́ ọ yé. Ìdí yẹn náà ni ẹ fi ń dá orin ọjọ́ ìbí mọ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé ló ń kọ ọ́ tàbí ọkùnrin olóhùn gbàràmù.

Ìmọ̀ yìí rọrùn fún wa débi pé a kì í kà á sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi ọdún 1985, Stewart Hulse àti Jeffrey Cynx ní Johns Hopkins University kọ́ àwọn ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní starling láti mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn tó ń gòkè ní ìpele-ìpele àti èyí tó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí wọ́n wá gbé gbogbo ohùn náà kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, tí wọ́n gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ẹyẹ yìí ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ohun tó jẹ́ orin kan náà létí ọmọdé, orin tuntun ni létí tiwọn.

Ẹ má yára fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ronald Weisman ní Queen's University ní Kánádà dán ọ̀nà kejì wò. Ó kó ohùn púpọ̀ jọ, ó pín wọn sí agbo-agbo gẹ́gẹ́ bí gíga wọn, ó sì ní kí àwọn tó ń gbọ́ ọ sọ agbo tí ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, láìsí ohùn mìíràn tí wọ́n máa fi wé e. Ẹyẹ zebra finch ṣe é bí ẹni ń mumi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tá fẹẹrẹ ni. Láàrin àwa ènìyàn, ẹni tó lè gbọ́ ohùn kan ṣoṣo kó sì sọ ibi tó wà gan-an ṣọ̀wọ́n, àwọn kan fojú bù ú sí ẹnì kan nínú 10,000. Létí ẹyẹ, nǹkan ojoojúmọ́ ni.

Kí wá ni starling ń gbọ́ nínú orin tí kì í fi í dá a mọ̀ tó bá ti kúrò ní àyè rẹ̀? Ìdáhùn tó yé mi jù jáde ní ọdún 2016, láti ọwọ́ Micah Bregman, Aniruddh Patel àti Timothy Gentner. Kí n tó sọ ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kékeré kan. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ pe "a", kí ẹ tún fi ohùn òkè pè é. "A" náà ni, àbí? Ó dáa. Ẹ wá dá ohùn yín dúró sí ibì kan náà, kí ẹ yí ẹnu padà láti "a" sí "i". Gíga ohùn kò yí padà, síbẹ̀ etí mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Ohun tó yí padà ni ìrísí ohùn náà, ìyẹn bí agbára rẹ̀ ṣe pín sí ìsàlẹ̀, àárín àti òkè.

Ohun tí Bregman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé, tí wọ́n bá yọ gíga ohùn kúrò pátápátá, tí wọ́n sọ orin di ariwo tó ń hó ṣàà ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ìrísí yẹn sílẹ̀, àwọn starling ṣì ń dá a mọ̀. Tí wọ́n bá fi gíga ohùn sílẹ̀ tí wọ́n yí ìrísí rẹ̀ padà, àwọn ẹyẹ náà ò dá a mọ̀ dáadáa mọ́. Lọ́rọ̀ kan, ohun tí àwa ń gbọ́ bí orin, ó jọ pé bí a ṣe ń gbọ́ "a" àti "i" ni ẹyẹ náà ṣe ń gbọ́ ọ.

Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé àwa tí à ń sọ Yorùbá ní àyè tó dára láti lóye ọ̀rọ̀ yìí. Nínú sílébù kan ṣoṣo, à ń ṣe méjèèjì pọ̀: à ń fi ìrísí ohùn mọ fáwẹ́lì, a sì ń fi gíga rẹ̀ mọ àmì. Starling náà mú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ fún wa.

Ohun tó ń kọjá lọ tí a kò gbọ́

Ibi tí ẹyẹ ti fẹ̀yìn wa balẹ̀ nìyí. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìpín kan nínú rẹ̀ là ń pè ní mìlísẹ́kọ́ńdì. Ní ọdún 2002, Dooling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò kan jáde. Wọ́n ṣe ìró méjì tí èròjà wọn dọ́gba. Bí ẹni fi ata, tòmátò àti àlùbọ́sà kan náà se ọbẹ̀ méjì ni, ìwọ̀n kan náà, ohun tó yàtọ̀ ò ju èyí tó kọ́kọ́ wọ ìkòkò lọ. Nínú ìró méjèèjì, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà ni bí àwọn èròjà náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn láàrin mìlísẹ́kọ́ńdì mélòó kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń dín àkókò yẹn kù díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó dé nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn ènìyàn ní àwọn ò gbọ́ ìyàtọ̀ mọ́. Ìró méjèèjì ti di ọ̀kan létí wọn. Àwọn ẹyẹ ò dúró o. Wọ́n ń bá a lọ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé mìlísẹ́kọ́ńdì kan. Ní ti kí a gbọ́ nǹkan wéwé tó ń yára kọjá, etí wọn fi nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta mú ju tiwa lọ.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Akọ zebra finch ní orin kúkurú kan tó máa ń kọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó ní ohun kan náà ló ń tún sọ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù tó há. Ìwádìí tó ń jáde láti ọdún 2018 fi hàn pé létí ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun kan náà. Sílébù tí àwa gbà pé ó jọra délẹ̀délẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin bó ṣe pè é lẹ́ẹ̀kan àti bó ṣe pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú nǹkan wéwé wọ̀nyẹn ni ìròyìn wà nípa ẹni tó ń ké àti bóyá akọ ni tàbí abo.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú kan ohun tí mò ń sọ, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀gà sílẹ̀, kí ẹ gbé e sínú Audacity, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ ní ìdá mẹ́rin eré rẹ̀. Mo ti ṣe é. Igbe kan tó ń dún ṣàà bí ẹni fa aṣọ ya, ó tú ká di ìró kéékèèké tó tẹ̀lé ara wọn tọ̀ọ̀tọ̀ọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, etí wa ni kò yára tó.

Olú pa ẹkùn, ẹkùn pa Olú

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìtò méjì, ìròyìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀kan, à ń jẹ ẹran. Nínú èkejì, à ń ṣòfò. Èdè ènìyàn dúró lórí ìtò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí orin ẹyẹ, wọ́n fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, A, B, D, wọ́n sì ń wá gírámà nínú bí lẹ́tà ṣe tò.

Ní ọdún 2018, Shelby Lawson, Adam Fishbein àti àwọn akẹgbẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ Dooling bi àwọn zebra finch fúnra wọn. Wọ́n da ìtò sílébù orin rú, wọ́n ní ṣé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀? Àwọn ẹyẹ náà tiraka, agbára káká ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá fi ìtò sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n mú sílébù kan ṣoṣo, wọ́n yí i sẹ́yìn, kí ìparí rẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀. Kíá, àwọn ẹyẹ ti fi àgógó kan bọ́tìnì. Fún etí ènìyàn, ìdàrúdàpọ̀ ìtò ló máa ń tètè hàn. Fún etí zebra finch, ohun tó wà nínú sílébù ni ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé wọn ò lè kọ́ ìtò rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe òun ni etí wọn kọ́kọ́ ń wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn ń wá gírámà láàrin àwọn lẹ́tà, nígbà tó jẹ́ pé inú lẹ́tà gan-an ni wọ́n kọ ìwé náà sí. Ó kan àwa náà nílé. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ la ti ń fún igbe ẹyẹ ní ọ̀rọ̀, àkùkọ ní kékeréékéé, àdàbà ní tirẹ̀. Gíga àti ìsàlẹ̀ igbe náà là ń tẹ̀ lé. Ó dùn létí wa, àmọ́ ó lè jẹ́ pé apá tí ẹyẹ kò kà sí ni à ń túmọ̀.

Etí ló ń kọ́ ọ̀fun

Pẹ̀lú gbogbo ìyàtọ̀ yìí, ohun kan wà tó so wá pọ̀ mọ́ ẹyẹ akọrin ju bó ṣe so wá mọ́ ọ̀bọ lọ: a máa ń fi etí kọ́ ohùn. Ọmọ jòjòló á gbọ́ àgbà, á máa ta kókó, á máa tún un ṣe. William Thorpe ní Cambridge fi hàn ní àwọn ọdún 1950 pé ọmọ ẹyẹ chaffinch tí kò gbọ́ àgbà rí á dàgbà, àmọ́ orin rẹ̀ kò ní pé. Ní 1965, Masakazu Konishi fi hàn pé kódà ẹyẹ tó ti gbọ́ orin àgbà, tó bá di adití kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀, orin náà á bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ara rẹ̀.

Àkùkọ ò rí bẹ́ẹ̀. Àkùkọ tó dití láti kékeré á kọ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ó bá ohùn rẹ̀ wáyé ni. Àwọn ẹyẹ akọrin, àwọn ẹyẹ bíi odídẹrẹ́ àti àwa ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́ kékeré àwọn tó jẹ́ pé tí etí bá bàjẹ́, ohùn náà wà nínú ewu.

Ariwo náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní ọdún 2003, Hans Slabbekoorn àti Margriet Peet kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ìlú Leiden ní Nẹ́dálándì, àwọn ẹyẹ great tit tó ń gbé níbi tí ariwo pọ̀ sí ń kọrin ní ohùn tó ga sí i, kí ariwo ọkọ̀ má baà bò ó. Nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020, tí ojú títì San Francisco dá, Elizabeth Derryberry àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ẹyẹ sparrow níbẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, síbẹ̀ orin wọn ń dé ọ̀nà tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti bá dẹ́rẹ́bà dánfó sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí àwọn ẹyẹ yẹn ń fojú rí.

Adìyẹ yín ní ohun tí ẹ kò ní

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun. Ojú kan ṣoṣo ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Etí kan? Nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì onírun 15,000 péré. Kí wọ́n tó bí wa ni iye wọn ti pé. Èyí tó bá kú nínú wọn kò ní arọ́pò, títí láé.

Gbogbo ayé gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyẹ, títí di ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn onímọ̀ fi ariwo ńlá ba etí òròmọdìyẹ jẹ́, wọ́n sì padà lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n bá sẹ́ẹ̀lì onírun tuntun níbi tí ti àtijọ́ ti kú. Ní ọdún 1988, ìwé méjì jáde nínú *Science*, ti Jeffrey Corwin àti Douglas Cotanche, àti ti Brenda Ryals àti Edwin Rubel, tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé wọn dúró lọ, ló ń pín ara wọn láti di tuntun. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, etí ẹyẹ á tún máa ṣiṣẹ́.

Sarah Woolley àti Rubel wá bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orin. Wọ́n fi ẹyẹ Bengalese finch ṣe é. Ìgbà tí etí àwọn ẹyẹ náà bàjẹ́, orin wọn dàrú. Bí sẹ́ẹ̀lì onírun ṣe ń hù padà, orin náà ń padà, títí ó fi sún mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n gbé e jáde. Ọpọlọ ti pa orin mọ́, etí ló kù tó ń retí.

Àwa ńkọ́? Ariwo máa ń kọ́kọ́ ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ ohùn gíga jẹ́, pàápàá ní àyíká 4,000 Hz. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti ń kọrin. Ibẹ̀ náà ni ìró "s", "f" àti "ṣ" ti ń gba agbára. Àmì ohùn Yorùbá wà nísàlẹ̀, kò fara gbá kíákíá. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ ti ń lọ ṣì lè gbọ́ pé ohùn òkè ni, àmọ́ kò ní mọ̀ bóyá "ó ń sá" lẹ wí, tàbí "ó ń fá", tàbí "ó ń ṣá". Á máa dáhùn ohun tí ẹ kò bi í, àwọn ará ilé á sì rò pé ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ju bílíọ̀nù kan àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ewu yìí nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ló kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ wá ro ọwàḿbẹ̀ kan tí ẹ jókòó sídìí spíkà láti ìrọ̀lẹ́ di òru.

Ohun tí mo ń ṣe, tí mo sì rọ̀ yín láti ṣe, kò ná ni lówó. Ẹ má jẹ́ kí ohùn fóònù kọjá ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá lo íápíìsì. Ẹ jìnnà sí spíkà níbi ayẹyẹ, kí ẹ máa jáde síta gba afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìrẹ́gi, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn ayẹyẹ, ìkìlọ̀ ni, ẹ má fojú di í. Ẹ má sì gba abẹ́rẹ́ gentamicin láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, torí òun náà lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun.

Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ti onírun dúró nínú etí ènìyàn, kí wọ́n lè máa ṣe bíi ti adìyẹ. Iṣẹ́ ń lọ, pàápàá lára eku, àmọ́ kò tíì sí oògùn kankan tí dókítà lè kọ fún yín tó máa hù wọ́n padà. Ohun tí a bá ní là ń náání. Ẹyẹ lè fi etí ṣòfò kó sì rí òmíràn gbà. 15,000 tiwa, òun náà la máa lò dé ọjọ́ alẹ́.